Julian Bond: Aṣòfin tí Wọ́n Dìbò Yàn Lẹ́ẹ̀mẹ́ta Kí Wọ́n Tó Jẹ́ Kó Jókòó

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní ọdún 1966, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ ilé aṣojú-ṣòfin ìpínlẹ̀ Georgia ní ìlú Atlanta láti wá búra bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kó pé ọmọ ọdún 26. Wọ́n ní kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Kí ọjọ́ yẹn tó parí, wọ́n ti dìbò lé e lórí: àwọn 184 ní kó má wọlé, àwọn 12 péré ló ní kó wọlé. Kò jalè, kò sì ṣe màgòmágó ìbò. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló sọ.

Julian Bond ni orúkọ rẹ̀. Nashville ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1940. Bàbá rẹ̀, Horace Mann Bond, ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ ààrẹ Yunifásítì Lincoln ní Pennsylvania. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà kò ṣàjèjì sí wa, nítorí ibẹ̀ ni Nnamdi Azikiwe àti Kwame Nkrumah ti kàwé kí wọ́n tó padà wálé wá bá àwọn òyìnbó fa wàhálà òmìnira. Inú ilé ìwé ni Julian dàgbà sí, àwọn èèyàn bíi W. E. B. Du Bois sì ń wọlé jáde lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ohun tí gbogbo èèyàn ń retí ni pé òun náà yóò di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ó wọ Morehouse ní Atlanta lọ́dún 1957. Martin Luther King gan-an kọ́ ọ ní kíláàsì níbẹ̀. Nínú oṣù kẹta ọdún 1960, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n lọ jókòó sí àwọn ilé oúnjẹ tí wọn kì í ti í ta fún aláwọ̀ dúdú. Ilé oúnjẹ tó wà nínú gbọ̀ngàn ìjọba ìlú ni Bond kó àwọn tirẹ̀ lọ, ọlọ́pàá sì kó wọn. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí SNCC sílẹ̀. Bond ni wọ́n fi ṣe agbẹnusọ, òun ló ń kọ ìròyìn wọn ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwé ìròyìn. Nítorí iṣẹ́ yìí ló ṣe fi Morehouse sílẹ̀ láìparí, ọdún 1971 ló tó padà lọ gboyè. (Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má fi èyí ṣe àwáwí fún àwọn òbí rẹ̀ nílé o.)

Báwo ló ṣe wá dé ìdí òṣèlú? Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí iye èèyàn inú àwọn ẹkùn ìdìbò máa dọ́gba, kí oko kékeré kan má baà ní agbára ju odidi ìgboro lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe ṣẹ̀dá àwọn ẹkùn tuntun ní Atlanta. Bond gbé àpótí ìbò ní ẹkùn 136, ó ń ti ilé dé ilé, ó sì wọlé nínú oṣù kẹfà ọdún 1965 pẹ̀lú ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Èyí tó yọ ọfà sí Bond, ìṣẹ̀lẹ̀ ìbànújẹ́ kan ló bí i. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kìíní ọdún 1966, wọ́n yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Sammy Younge, ní ilé epo kan ní Tuskegee, torí pé ó fẹ́ lo ilé ìyàgbẹ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn òyìnbó. Younge ti ṣiṣẹ́ ológun ojú omi fún Amẹ́ríkà rí. Ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, SNCC gbé ìwé jáde pé ìjọba tó ní òun ń jà fún òmìnira ní Vietnam kò fún àwọn ọmọ tirẹ̀ ní òmìnira nílé, pé àwọn sì wà lẹ́yìn àwọn ọ̀dọ́ tí kò fẹ́ kí wọ́n fipá mú àwọn wọ iṣẹ́ ológun. Kì í ṣe Bond ló kọ ìwé náà. Oníròyìn kan ló pè é lórí fóònù pé ṣé ó fara mọ́ ọn, ó sì ní òun fara mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó ń ti àwọn tó ń dáná sun káàdì ológun lẹ́yìn, ó ní òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé kó sun tirẹ̀, pé tòun alára wà nínú àpò òun, òun sì lè yọ ọ́ síta fún wọn.

Àwọn aṣòfin ní ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè fi òótọ́ inú búra láti gbèjà òfin ilẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn Georgia yóò rántí pé ilé yìí ti ṣe irú rẹ̀ rí. Lọ́dún 1868, wọ́n lé àwọn aṣòfin aláwọ̀ dúdú tí ará ìlú yàn jáde nítorí àwọ̀ wọn, Henry McNeal Turner sì wà lára wọn. Lọ́dún 1966, wọn kò dárúkọ àwọ̀ mọ́. Ìbúra ni wọ́n ń pè é.

Bond gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní ilé ẹjọ́ kékeré, adájọ́ méjì dá a lẹ́bi, ẹnì kan gbè é. Kí ẹjọ́ tó dé òkè, wọ́n tún ìbò dì sí àyè rẹ̀ nínú oṣù kejì, àwọn ará ẹkùn 136 tún yàn án, ilé tún kọ̀ ọ́. Nínú oṣù kọkànlá, wọ́n yàn án lẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn agbẹjọ́rò àti adájọ́ ni ọ̀pọ̀ ìwé máa ń yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lójú tiwa, àwọn olùdìbò yìí ló yẹ kí á kọ́kọ́ kí. Ó rọrùn fún wọn láti wá ẹlòmíràn tí wàhálà rẹ̀ kéré, kí wọ́n lè ní aṣojú kíá, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejìlá ọdún 1966, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá Bond láre, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fẹnu kò. Earl Warren, adájọ́ àgbà, ló kọ ìdájọ́ náà. Georgia ti gbà pé bí ó bá jẹ́ nítorí àwọ̀ ni àwọn ṣe kọ ènìyàn, ilé ẹjọ́ lè dá sí i. Warren ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín ìyẹn àti kíkọ ènìyàn nítorí ọ̀rọ̀ tí òfin fún un láyè láti sọ. Ó ní àwọn aṣòfin kò láṣẹ láti máa wọn òótọ́ inú ẹlẹgbẹ́ wọn tó ti ṣetán láti búra. Ó tún ní ojúṣe aṣòfin ni láti sọ èrò rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó le, kí àwọn tó yàn án lè mọ ibi tó dúró sí.

Bond jókòó nínú oṣù kìíní ọdún 1967. Lọ́dún 1968, níbi àpérò ẹgbẹ́ òṣèlú Democratic ní Chicago, wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún ipò igbákejì ààrẹ. Ọmọ ọdún 28 ni, òfin sì ní ó gbọ́dọ̀ pé 35, ló bá yọ orúkọ ara rẹ̀. Ó wà ní ilé aṣojú-ṣòfin títí di 1975, ó bọ́ sí ilé aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ náà títí di 1987.

Èyí tó dùn wá jù ni ti ọdún 1986. Ó fẹ́ lọ sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Washington, John Lewis, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà SNCC, sì bá a du àyè náà. Àwọn méjèèjì ti jọ bá àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà. Ìpolongo wá le débi pé Lewis ní kí Bond wá ṣe àyẹ̀wò oògùn olóró. Lewis ló wọlé, pẹ̀lú ìwọ̀nba ìbò díẹ̀, ọ̀rẹ́ wọn sì fara gbá a.

Bond ló wá di alága NAACP láti 1998 sí 2010. Ó sì tún di olùkọ́ yunifásítì, bí wọ́n ṣe retí láti kékeré. Ó kú ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ ọdún 2015, lẹ́ni ọdún 75.