Òfin èdè tó yéni: Ohun tí Amẹ́ríkà ní kí iléeṣẹ́ ṣe kó tó ta ṣíà fún aráàlú

Kí iléeṣẹ́ tó lè ta ṣíà fún gbogbo aráàlú ní Amẹ́ríkà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ìwé kan jáde tí wọ́n ń pè ní prospectus. Inú ìwé yìí ló ti máa ṣàlàyé iṣẹ́ tó ń ṣe, ohun tó fẹ́ fi owó náà ṣe, àti ewu tó lè mú kí ẹni tó ra ṣíà náà pàdánù owó rẹ̀.

Àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ìlù ògìdìgbó ni ìwé náà rí: ọlọ́gbọ́n nìkan ló ń jó o, ọ̀mọ̀ràn nìkan ló sì ń mọ̀ ọ́n. Àwọn agbẹjọ́rò ló ń kọ ọ́, àwọn agbẹjọ́rò bíi tiwọn ló sì ń yé. Ẹni tó fẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra ṣíà lè kà á títí, kó má rí ibi tí ewu wà.

Ìdí nìyẹn tí SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ṣíà lórílẹ̀-èdè náà, fi ṣe òfin lọ́dún 1998 pé kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó yéni.

Báwo lọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀?

Lọ́dún 1929, ọjà ṣíà dẹnu kọlẹ̀ ní New York, owó ọ̀pọ̀ èèyàn sì wọmi. Lọ́dún 1933, wọ́n ṣe òfin pé iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ ta ṣíà gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá SEC sílẹ̀.

Ìjọba kò sọ pé òun máa bá aráàlú yan ṣíà tó dáa. Ohun tó sọ ni pé kí wọ́n fi gbogbo ọ̀rọ̀ han oníbàárà, kó fúnra rẹ̀ pinnu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kò yéni, ṣé a lè sọ pé wọ́n fi hanni?

Arthur Levitt, tó jẹ́ alága SEC láti 1993 sí 2001, ló tẹpẹlẹ mọ́ àtúnṣe yìí. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹwàá, ọdún 1998.

Kí ni òfin náà sọ?

Ibi mẹ́ta ló kàn jù nínú ìwé náà: èèpo ìwé, àkópọ̀ ọ̀rọ̀, àti abala tó sọ nípa ewu. Níbẹ̀:

- Kí gbólóhùn kúrú.
- Kí wọ́n lo ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtó, táwọn èèyàn ń sọ lójoojúmọ́.
- Kí wọ́n sọ ẹni tó ṣe nǹkan. "A pàdánù owó" dáa ju "àdánù wáyé" lọ.
- Kí wọ́n to ọ̀rọ̀ tó bá lọ́jú pọ̀ sínú àtẹ, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ ní ẹsẹẹsẹ.
- Kí wọ́n má lo èdè agbẹjọ́rò tàbí ti àwọn onímọ̀ òwò.
- Kí wọ́n má to "kò" lé "kò" nínú gbólóhùn kan.

Ẹ jẹ́ ká ní iléeṣẹ́ kan kọ ọ́ pé: "Kò sí ìdánilójú pé ìyípadà kò ní bá àjọṣe iléeṣẹ́ pẹ̀lú àwọn oníbàárà pàtàkì." Ta ló máa sá? Ṣùgbọ́n tó bá kọ ọ́ pé: "Oníbàárà kan ṣoṣo ló ń mú ìdajì owó wa wá. Àdéhùn wa pẹ̀lú rẹ̀ máa parí lọ́dún tó ń bọ̀. Tó bá lọ, a lè má rí owó san gbèsè," ẹni tó ń kà á á dúró ronú. Kò sírọ́ nínú méjèèjì, àmọ́ ìkejì nìkan ló kìlọ̀ fúnni.

Ìmọ̀ràn Warren Buffett

SEC tún tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde lọ́dún 1998, gbajúgbajà olówó nì, Warren Buffett, ló sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Ó ní tóun bá ń kọ ìròyìn ọdọọdún iléeṣẹ́ òun, ńṣe lòun máa ń ṣe bí ẹni ń bá ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, Doris, àti àbúrò òun, Bertie, sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́n, àmọ́ wọn kì í ṣe akántà.

Ó tún ní tí ìwé kan ò bá yé òun, ó lè jẹ́ pé òun ni kò ní ìmọ̀ tó. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ò yé ẹni tó kọ ọ́ gan-an. Nígbà míì sì rèé, ó lè jẹ́ pé iléeṣẹ́ náà ò fẹ́ kó yéni.

Ibi tí agbára òfin náà mọ

Èdè tó yéni kì í sọ ọjà burúkú di rere, SEC kì í sì í fọwọ́ sọ̀yà pé ṣíà kan máa mówó wá. Àwọn ìwé náà ṣì ń gùn gan-an. Síbẹ̀, òfin náà ń tàn kálẹ̀: lọ́dún 2006, SEC ní kí wọ́n fi irú èdè bẹ́ẹ̀ ṣàlàyé owó tí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ń gbà. Lọ́dún 2010, Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí òfin tó ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ náà máa kọ̀wé tó yé aráàlú.

Lóòótọ́, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gbowó lọ́wọ́ èèyàn, odidi ló gbọ́dọ̀ sọ. Ẹni tí ìwé ṣíà ò bá yé, kó béèrè kó tó kówó sílẹ̀.