Kọfí Tí A Ń Gbé Síwájú Eégún

Nínú ilé tí wọ́n ti gbé Òrìṣà lé mi lórí, ẹnikẹ́ni kì í mu kọfí láàárọ̀ kí Eégún tó mu tirẹ̀. Ife kékeré kan ni a ń gbé kalẹ̀ fún wọn, dúdú, gbígbóná. Ní ọjọ́ kan, ọmọ kan nínú ilé wa bi mí pé: “Bàbá, ṣé kì í ṣe oko kọfí ni wọ́n ti lo àwọn babańlá wa bí ẹran? Kí ló dé tí a tún ń fi kọfí bọ wọ́n?” Mi ò rí èsì fọ̀. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. (Ìwé náà ni mo fi kọ́ Yorùbá tí mo ń kọ yìí, ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe.)

Igi kọfí kì í ṣe igi inú oòrùn. Inú igbó òkè ilẹ̀ Etiópíà ni ilé rẹ̀, lábẹ́ àwọn igi tó ga jù ú lọ. Ọdún 1748 ló dé Kúbà, ṣùgbọ́n kò pọ̀ níbẹ̀ títí àwọn ẹrú Saint-Domingue, tí a ń pè ní Háítì lónìí, fi dìde ní 1791. Àwọn Faransé olóko sá wá sí orí òkè Santiago àti Guantánamo, wọ́n sì mú ìmọ̀ kọfí dání. Nígbà tó fi di 1827, oko kọfí Kúbà ti ju 2,000 lọ. Pèpéle òkúta tí wọ́n ń sá kọfí sí ṣì wà lórí òkè wọ̀nyẹn. UNESCO fi àwókù oko 171 sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní ọdún 2000.

Ìhà ìwọ̀-oòrùn, ní agbègbè Havana àti Matanzas, ni ọ̀pọ̀ àwọn tiwa bọ́ sí. Bí Ọ̀yọ́ ṣe ń tú ni ọkọ̀ ń kó wọn dé, àwọn tí Kúbà ń pè ní Lukumí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ ogun jíjà. Ní oṣù kẹfà 1825, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Guamacaro láàárín àwọn oko kọfí. Lorenzo Lucumí wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1833, àwọn ẹrú tó lé ní 300, tí Lukumí pọ̀ jù nínú wọn, dìde ní oko kọfí kan tó ń jẹ́ Salvador, wọ́n sì kọjú sí ìlú Banes. Àwọn ọmọ ogun ló pa wọ́n run.

Ẹ wo bí oko náà ṣe rí. Láàárín kọfí ni wọ́n ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀, igi eléso àti ọ̀pẹ sí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń ṣíji bo kọfí kékeré, ẹrú sì ń jẹ èso rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kòkó nílé náà mọ ọgbọ́n yìí. Lábẹ́ igi, kọfí kì í tètè pọ́n, ewé tó ń já bọ́ ń di ọ̀rá ilẹ̀, òjò kì í sì í gbá ilẹ̀ òkè lọ. Àwọn igi mìíràn, bí guaba, tún ń fún ilẹ̀ lóúnjẹ láti gbòǹgbò. Àràbà náà wà ní Kúbà. Nílé, àràbà yàtọ̀ sí ìrókò, ṣùgbọ́n níbẹ̀, inú àràbà ni Ìrókò ń gbé, ẹ̀rù sì máa ń ba èèyàn láti gé e.

Ìbòòji yẹn kì í ṣe àánú o. Nítorí kọfí ni wọ́n ṣe gbin igi, kì í ṣe nítorí ẹni tó ń ká a.

Ìjì ńlá jà ní 1844, òmíràn tún jà ní 1846. Ó wó kọfí, ó wó igi tó ṣíji bò ó. Owó kọfí ti wálẹ̀ lọ́jà tẹ́lẹ̀, igi ìbòòji kì í sì í dàgbà lọ́dún kan. Ọ̀pọ̀ olóko ìwọ̀-oòrùn kò tún un gbìn mọ́; oko ìrèké ni wọ́n kó àwọn ẹrú lọ. Ìrèké kò ní ìbòòji. Bí ìkórè bá dé, iṣẹ́ ilé ìfúnrèké kì í dá lóru. Òmìnira kò dé títí di 1886. Orí òkè ìlà-oòrùn ni kọfí Kúbà ti pọ̀ jù títí dòní, púpọ̀ rẹ̀ lábẹ́ igi, lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké. Ọmọ ẹrú wà lára àwọn tó ń gbìn ín fúnra wọn níbẹ̀.

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ọmọ náà. Mo ní èmi rò pé ohun tí wọ́n fi ọwọ́ wọn gbìn kò di ti olóko nìkan, pé ẹ̀tọ́ wọn ni kí wọ́n tọ́ ọ wò. Kò sọ pé òun gbà. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, òun ló kọ́kọ́ jí, òun ló se kọfí Eégún. Mo na ike ṣúgà sí i. Ó dá a padà.