Ẹ́ńsáìmù, Èéfín àti Ẹ̀dọ̀fóró ní Ìgànmú

Oṣù kẹfà ọdún 1949 ni ìgò bíà Star àkọ́kọ́ jáde ní ilé-iṣẹ́ Nigerian Breweries ní Ìgànmú, ní Èkó. Ìwúkàrà ló ń sọ ọkà di ọtí níbẹ̀, inú ìwúkàrà náà sì ni irú ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń tà lónìí ní oníhóró fún ẹni tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró ń bá fínra wà. Lásìkò yẹn, kò tíì sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Mann àti Keilin ti yọ ọ́ jáde nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù ní 1938, ṣùgbọ́n bàbà lásán tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n rí. Ó di 1969 kí Joe McCord àti Irwin Fridovich, ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, tó fi hàn pé òun ló ń kápá ọ́síjìn tó bá ti di eléwu nínú ara. Superoxide dismutase ni wọ́n pè é. Hydrogen peroxide tó bá fi sílẹ̀ ni catalase ń sọ di omi àti ọ́síjìn. Ẹni tí nọ́ọ̀sì ti da hydrogen peroxide sí egbò rẹ̀ rí, tí ó hó, tí ó yọ fófòó funfun, iṣẹ́ catalase ló fojú rí.

Ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín kọ́kọ́ ń bá jà, èéfín kò sì wọ́n ní Ìgànmú: ti tírélà tó ń lọ sí èbúté Àpápá, ti jẹnẹrétọ̀ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ti igi ìdáná. Báńkì Àgbáyé ṣírò pé afẹ́fẹ́ onídọ̀tí pa nǹkan bí 11,200 ènìyàn láìtọ́jọ́ ní Èkó ní 2018. Abájọ tí oníhóró ẹ́ńsáìmù fi ń wu aláìsàn.

Ṣùgbọ́n purotéènì ni ẹ́ńsáìmù. Bí ènìyàn bá gbé e mì, ikùn yóò dà á bó ṣe ń da ẹ̀wà àti ẹran. Ṣàṣà ni èyí tó lè dé ẹ̀dọ̀fóró láìbàjẹ́. Àwọn olùwádìí wá gbìyànjú èròjà mìíràn tó lè kápá ọ́síjìn eléwu. Ní Yúróòpù, aláìsàn 523 kópa nínú ìdánwò ọdún mẹ́ta: àwọn kan ń lo N-acetylcysteine 600 mg lójúmọ́, àwọn yòókù ń lo oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Àbájáde 2005 fi hàn pé kò dá ìbàjẹ́ ẹ̀dọ̀fóró dúró. Ti Finland ló dunni jù. Ọkùnrin amusìgá 29,133 ni wọ́n pín sí ọ̀wọ́ láti fi dán beta-carotene wò, èròjà tó ń mú epo pupa pọ́n. Ní 1994, ó hàn pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín àwọn tó lò ó.

Ọdún 1994 kan náà ni ìwádìí lórí amusìgá 5,887 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó bá jáwọ́ nínú sìgá kì í tètè bàjẹ́ bíi ti ẹni tó ń mu ún lọ.