Hẹlikópítà ìṣeré tí kò lè fò, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ kì í ṣe eré

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé bí awakọ̀ hẹlikópítà, ìyẹn bàálù agbérapáà, bá fẹ́ gòkè, ńṣe ló máa ń fi kún eré ẹ́ńjìnnì kí abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀ lè túbọ̀ yára yí, tó bá sì fẹ́ sọ̀kalẹ̀, yóò dín eré náà kù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Eré tí abẹ̀bẹ̀ ń sá kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgbà tí bàálù bá ti gbéra títí tí yóò fi balẹ̀. Ohun tó ń yí padà ni bí etí iwájú abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ga sókè tó. Ẹni tó bá sì fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i kò nílò láti lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, nítorí ó wà nínú ohun ìṣeré oníke kan tí ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí méjìlá lè fọwọ́ ara rẹ̀ tò pọ̀.

Iléeṣẹ́ LEGO ló ń ṣe é. Káfíńtà kan tó ń jẹ́ Ole Kirk Kristiansen ló dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ nílùú Billund, lórílẹ̀-èdè Dẹ́nmáàkì, lọ́dún 1932. Lọ́dún 1977 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka tí wọ́n wá ń pè ní Technic lónìí, tó wà fún àwọn tó fẹ́ mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́, hẹlikópítà sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún náà. Èyí tó jáde lọ́dún 2012 ní ẹyọ 1,056. Èyí tó jáde lọ́dún 2022, tí wọ́n ṣe ní àwòrán Airbus H175, ní ẹyọ 2,001. Ojúlówó H175 wà lára àwọn bàálù tí wọ́n fi ń gbé òṣìṣẹ́ epo lọ sórí òkun, iṣẹ́ tí àwọn ará Wárì àti Port Harcourt mọ̀ dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí á ti ibi egungun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá oníke tí wọ́n lu ihò sí lára ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, mìlímítà 8 ló sì wà láti àárín ihò kan dé àárín èkejì. Ìṣó oníke ló ń so wọ́n pọ̀: èyí tó dúdú máa ń fún mọ́ inú ihò pinpin, èyí tó ní àwọ̀ eérú ń yí fàlàlà. Ẹni tó bá fi dúdú síbi tó yẹ kí eérú wà yóò rí i pé ohun tó yẹ kó máa mì ti gan. Ọ̀pá tó ń gbé agbára kiri kì í ṣe róbótó. Bí ẹ bá wo ẹnu rẹ̀, ó rí bí àgbélébùú, kí ó má baà máa yọ̀ nínú jíà tó bá wọ̀.

Jíà yìí, àgbá kékeré eléyín, ni iṣan gbogbo rẹ̀. Bí jíà eléyín 8 bá ń ti èyí tó ní eyín 24, kékeré yóò yí lẹ́ẹ̀mẹta kí ńlá tó yí lẹ́ẹ̀kan. Eré dín kù, ṣùgbọ́n agbára di ìlọ́po mẹ́ta, bí a bá yọ díẹ̀ tí fífara-gbora ń jẹ kúrò. Bí ó bá jẹ́ ńlá ló ń ti kékeré, eré ló ń pọ̀, agbára ló ń dín. Níbi tí agbára bá ti gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kọ́nà, irú bíi láti inú ikùn bàálù lọ sókè sórí abẹ̀bẹ̀, jíà tí wọ́n gé eyín rẹ̀ ní ìdagun ni wọ́n ń lò.

Ẹ́ńjìnnì kan náà ló ń yí abẹ̀bẹ̀ orí àti ti ìrù. Ti ìrù yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí ẹ bá jókòó lórí àga ọ́fíìsì tó ń yí, tí ẹ sì fi agbára ju apá sí ọ̀tún, àga yóò gbé yín lọ sí òsì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ara bàálù ṣe máa ń fẹ́ yí lọ sí òdìkejì ibi tí abẹ̀bẹ̀ orí ń yí sí, ti ìrù ló sì ń dá a dúró. Nínú ojúlówó, nítorí pé jíà ló so abẹ̀bẹ̀ méjèèjì pọ̀, bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú òfuurufú, afẹ́fẹ́ tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ lè máa yí abẹ̀bẹ̀ orí, òun náà yóò sì máa yí ti ìrù. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ lè fi ìyẹn gbé àwọn èrò rẹ̀ balẹ̀ láàyè.

A wá dé ibi tó dùn jù. Lábẹ́ abẹ̀bẹ̀ orí ni ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní swashplate lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àwo méjì ni, ọ̀kan lórí èkejì, ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ sì gba àárín wọn kọjá. Àwo ìsàlẹ̀ kì í yí. Òun ni ọwọ́ awakọ̀ ń dé. Àwo òkè ń bá abẹ̀bẹ̀ yí, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gbéra láti etí rẹ̀ lọ sí ìdí abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí àwo méjèèjì bá jọ gòkè, àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yóò ti etí iwájú gbogbo abẹ̀bẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn yóò túbọ̀ máa ti afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀, bàálù yóò sì gòkè láìjẹ́ pé eré wọn yí padà. Ṣùgbọ́n bí àwo bá fì sí apá kan, abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò gbé etí sókè nígbà tó bá dé ibi tí àwo ti ga, yóò tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nígbà tó bá dé òdìkejì, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Agbára tó ń gbé bàálù yóò pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, bàálù yóò fì, yóò sì máa lọ síbi tó fì sí. Nínú àwòṣe tó bá ní àwo yìí, ẹ rọra fi ìka yí abẹ̀bẹ̀, kí ẹ tẹjú mọ́ ìdí ẹyọ kan ṣoṣo. Ó sàn ju ìwé lọ.

Ibì kan wà tí ohun ìṣeré ti rọrùn ju ojúlówó lọ. Nínú bàálù gidi, ohun tí a ṣe sí abẹ̀bẹ̀ kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kó tó farahàn. Nítorí náà ni àwọn ẹlẹ́rọ ṣe ń to ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ wọn kí ó ti ṣáájú. Oníke kò nílò wàhálà yìí, nítorí kò ní fò: ó wúwo jù, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń falẹ̀, kò sì ní ìrísí tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé nǹkan sókè.

Okùn tí wọ́n fi ń fa èèyàn tó wà nínú ewu sókè ní ọgbọ́n tirẹ̀. Jíà kan tó rí bíi síkúrúù ló ń yí i. Ìyípo kan síkúrúù náà, eyín kan péré ni jíà tó dojú kọ ọ́ ń sún. Bí ìyẹn bá ní eyín 24, ó di ìyípo 24 kó tó yí tán lẹ́ẹ̀kan. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n bó ti wù kí ẹrù wúwo tó, kò lè fa síkúrúù padà sẹ́yìn. Ẹ fi ọwọ́ fa okùn náà wò. Nínú àwọn àwòṣe kan, ẹ ó tún rí jíà funfun eléyín 24 tó máa ń yọ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹrù bá pọ̀ jù, kí ẹsẹ̀ bàálù tó ti ká tán má baà ṣẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń tì í.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n tò tán ló ń dé ọjà o. Ní oṣù Keje ọdún 2020, iléeṣẹ́ náà fagi lé àwòṣe V-22 Osprey, bàálù tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń yí ojú padà láti òkè sí iwájú, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ alálàáfíà kan ní Jámánì fi ẹ̀hónú hàn pé ti ológun ni. Lójú ẹni tó ń wo ẹ̀rọ nìkan, àdánù ni. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe nípa ohun ìjà òde òní ni wọ́n pa mọ́.

Ẹni tó bá ń tò ó nílé kò gbọ́dọ̀ ti jíà mọ́ ara ọ̀pá oníhò pinpin. Kí àlàfo bí irun orí wà níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ́ńjìnnì yóò máa kùn, abẹ̀bẹ̀ kò sì ní yí. Kí ó máa fi ìka yí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan wò kó tó bò ó, nítorí títú u lẹ́yìn ẹyọ ẹgbẹ̀rún kan ń rẹni. Bí ó bá sì gbé ọwọ́ ẹsẹ̀ bàálù sókè tí ẹsẹ̀ ń jáde dípò kó ká, jíà onídagun kan ló wà ní ẹ̀gbẹ́ òdì lórí ọ̀pá rẹ̀. Bó bá gbé e bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ohun gbogbo tó wà níwájú rẹ̀ yóò máa yí padà sí ọ̀nà tó tọ́.