Èkùrọ́ Èkó, Màlúù Jámánì, àti Ẹyin Orí Tábìlì Rẹ

Orí ẹyin ni ìtàn tòní ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra kíréètì ẹyin kan ní Ebúté Èrò, Ìsàlẹ̀ Èkó. Nígbà tí ìyá ẹlẹ́yin dárúkọ iye tó ń tà á, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣàánú mi." Ó ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe èmi. Oúnjẹ adìẹ ló wọ́n."

Òótọ́ ni. Oúnjẹ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó ẹni tó ń sin adìẹ ẹlẹ́yin. Púrótéènì inú rẹ̀, bíi sóyà àti ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, ló sì ń dun àpò jù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi PKC kún un, ìyẹn ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n ti fún àdín kúrò lára èkùrọ́.

Ẹ gbọ́ ibi tó ti kan Èkó. Lópin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èkùrọ́ wà lára olórí ọjà tí Èkó ń kó lọ sókè òkun. Àwọn obìnrin àtọmọdé ló ń fọwọ́ pa á lábúlé, ọkọ̀ á sì gbé e gba ọ̀sà wá. Jámánì ló ń ra èyí tó pọ̀ jù, ilé-iṣẹ́ G. L. Gaiser ti Hamburg wà lára àwọn oníṣòwò ibẹ̀ tó wà l'Ékòó. Wọ́n ń fi àdín ṣe ọṣẹ àti màjarín. Ìyókù ńkọ́? Màlúù wọn ló ń jẹ ẹ́.

Ogun 1914 ti ọjà náà pa. Ní 1919, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bu owó-orí pọ́n-ùn 2 lé tọ́ọ̀nù èkùrọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá lọ sí ìta ilẹ̀ ọba wọn. Wọ́n fagi lé e ní 1922. Àwa ta èkùrọ́ lódindi, màlúù ẹlòmíì jẹ ìyókù rẹ̀ yó, adìẹ tiwa sì ń jẹ̀ kiri àdúgbò.

Ṣùgbọ́n PKC kì í ṣe sóyà o. Púrótéènì rẹ̀ kò tó ìdajì ti sóyà, ó sì ní ohun líle tí kì í tètè dà nínú. Màlúù ní ikùn tó lè bá a jà; adìẹ kò ní. Tó bá pọ̀ jù, ẹyin á dín kù. Àfi kí wọ́n fi sóyà tì í lẹ́yìn.

Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: èkùrọ́ lalábàákú ẹ̀wà. Nínú oúnjẹ adìẹ, ẹ̀wà sóyà ni.

Ó dìgbà kan ná.