Gbogbo Wọn Kọ́ Ló Ń Jẹ́ George

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ́ ka èyí lórí fóònù níbi iṣẹ́, ẹ rọra o, kí ọ̀gá má baà rí yín.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo fi ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ kan ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ kan l'Ékòó. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà. Báàjì wà láyà mi, wọ́n kọ orúkọ mi sí i gàdàgbà. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan wọlé, ó jókòó, ó tàka sí mi, ó ní, "Ìwọ! Ṣé o ò ríran ni? Gbé omi tútù wá!" Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Èébú rẹ̀ kọ́ ló ń dùn mí títí dòní. Ẹ̀rín tí mo rín yẹn ni.

Wọ́n ti kọ́ wa níbẹ̀ pé oníbàárà lọba, ọba kì í sì í jẹ̀bi. Mo rò pé ìyà àwa ọ̀dọ́ òde òní nìyẹn. Àṣé àwọn kan ti jẹ ẹ́ ṣáájú wa, wọ́n sì wá nǹkan ṣe sí i. Ìtàn wọn ni mo gbé wá lónìí. Inú ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹlẹ̀.

Ní 1867, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Pullman dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ọkọ̀ ojú irin tí èèyàn lè sùn nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, bí ọba ni yóò ṣe rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n ọba kan kì í wà láìní ìránṣẹ́. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti parí ní 1865, wọ́n ti dá àwọn ẹrú sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ń wá iṣẹ́ lójú méjèèjì. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ni Pullman gbà sí iṣẹ́ pọ́tà. Owó wọn kò wọ́n. Ó tún gbà pé ẹni tó ti oko ẹrú bọ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń sin òyìnbó.

Pọ́tà ló ń gbé ẹrù wọlé. Òun ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì lálẹ́, òun ló ń ká a láàárọ̀, òun ló ń dán bàtà èrò nígbà tí èrò bá ń hanrun. Tí wọ́n bá pè é lóru, ó di dandan kó dìde. Kí ni wọ́n wá ń pè é? George. Ọmọ ogún ọdún, George. Bàbá tó ti ní ọmọ-ọmọ, George. Láyé oko ẹrú, orúkọ olówó ẹrú ni wọ́n sábà máa ń fi pe ẹrú. Nígbà tó jẹ́ pé George Pullman ló ni iṣẹ́, àwọn èrò kúkú sọ gbogbo pọ́tà di George.

Ẹ̀yin tí wọ́n sọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, tí ẹbí péjọ tí wọ́n fi oyin àti iyọ̀ tọ́ yín lẹ́nu wò, ẹ mọ ohun tí èyí jẹ́. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ẹni tó bá gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ ti di ìjánu rẹ mú nìyẹn.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló dé tí wọn ò fi fèsì? Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní 1915, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ pe Robert Lincoln, alága ilé iṣẹ́ Pullman, kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ọmọ Abraham Lincoln ni, ààrẹ tó kéde òmìnira fún àwọn ẹrú. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé owó oṣù pọ́tà bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 27 ààbọ̀. Owó yẹn ò tó gbọ́ bùkátà. Tíìpù, owó tí èrò bá fi sí wọn lọ́wọ́, ni wọ́n fi ń dí i. Nínú owó yẹn náà ni pọ́tà ti ń ra oúnjẹ ara rẹ̀ àti pólíìṣì tó fi ń dán bàtà oníbàárà.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Wọn kì í ṣe ojo. Ilé iṣẹ́ ló kó owó oṣù òṣìṣẹ́ sápò oníbàárà. Tí pọ́tà bá ní, "Sà, George kọ́ lorúkọ mi", owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ló fi ń ṣeré yẹn.

Ibi tó pani lẹ́rìn-ín rèé. Ní 1914, òyìnbó kan tó ń jẹ́ George Dulany dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti lòdì sí pípe pọ́tà ní George. Àwọn òyìnbó tó ń jẹ́ George ló pọ̀ jù níbẹ̀. Orúkọ tiwọn ló ń ká wọn lára. Síbẹ̀, ní 1926, ilé iṣẹ́ gbà láti máa fi káàdì kékeré tó ní orúkọ pọ́tà hàn nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú nǹkan bíi 12,000 òṣìṣẹ́, 362 péré ló ń jẹ́ George.

Káàdì dára. Ṣùgbọ́n báàjì wà láyà tèmi náà. Ẹni tí kò fẹ́ kà á kò ní kà á.

Ohun tó yí nǹkan padà gan-an ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 1925, ní Harlem, New York, àwọn pọ́tà dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, Brotherhood of Sleeping Car Porters. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí ni A. Philip Randolph, oníwèé ìròyìn. Kì í ṣe pọ́tà, torí náà Pullman ò lè lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tí kò ṣe. Èrò kọ́ ni wọ́n dojú ìjà kọ, ilé iṣẹ́ ni. Wọ́n ní, ẹ fi kún owó oṣù wa, ẹ dín wákàtí wa kù, kí a má baà máa fi ẹ̀rín tọrọ jẹ.

Ilé iṣẹ́ rán amí sí wọn, ó lé ọ̀pọ̀ wọn. Ní Washington, Rosina Tucker, ìyàwó pọ́tà kan, ń gba owó ẹgbẹ́ lábẹ́lẹ̀ láti ilé dé ilé. Nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Obìnrin yìí gbéra, ó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá lọ bá a. Ọkọ rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọdún 12 géérégé ni wọ́n fi jà á. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 1937, Pullman fọwọ́ sí àdéhùn. Owó oṣù lọ sókè, wákàtí iṣẹ́ sì sọ̀ kalẹ̀ láti nǹkan bíi 400 sí 240 lóṣù. Tíìpù ò parẹ́, ìwà ìgbéraga èrò náà ò sì tán lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ọmọ pọ́tà ò sí lẹ́nu èrò mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ẹni tó bá ti jẹun yó lè gbójú sókè. Pọ́tà kan, E. D. Nixon, wà lára àwọn tó gba ìdúró Rosa Parks ní Montgomery ní 1955. Randolph náà wà níwájú nígbà ìwọ́de ńlá Washington ní 1963.

Nítorí náà, tí oníbàárà bá fi ọ́ wọ́lẹ̀, bínú sí i tó o bá fẹ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n tún wo ẹ̀yìn rẹ̀: ta ló ṣètò iṣẹ́ yẹn débi pé o gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín sí èébú kó o tó jẹun? Ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni kí ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ lọ.

Àwa náà ńkọ́, nígbà tí a bá di oníbàárà? Gbogbo Hausa tó ń ṣe bàtà ládùúgbò, "Àbòkí". Ẹni tó fi ọ̀kadà gbé ẹrù wá, "Ìwọ, níbo lo dé?" Orúkọ rẹ̀ sì wà lórí fóònù wa níbẹ̀ o. Lọ́la, ẹ kà á, kí ẹ fi pè é, kí ẹ sì kí i kú iṣẹ́.

Ó dìgbà kan ná.