Bí Ilé Ẹ̀kọ́ bá Dákẹ́

Ní ọdún 1971, ìjọba Côte d'Ivoire mú olùkọ́ ìtàn kan ní ìlú Abidjan. Laurent Gbagbo ni orúkọ rẹ̀, Lycée Classique ni ó sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀sùn tí a fi kàn án ni pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń ru ọmọ ilé ìwé sókè sí ìjọba. Kò gba òmìnira títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973.

Kí ni alágbára ń bẹ̀rù nínú ẹ̀kọ́ ìtàn? Ní ọdún 1971 yìí kan náà ni Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé irọ́ ni àwọn ọ̀tẹ̀ tí a torí wọn kó àwọn ènìyàn pàtàkì sẹ́wọ̀n ní 1963 àti 1964. Ṣùgbọ́n Ernest Boka, tí ó ti jẹ́ olórí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ, ti kú sí àtìmọ́lé ní 1964. Òótọ́ ni pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Síbẹ̀, ọdún 1997 ni ìwé tí Samba Diarra, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà, kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí tó jáde. Ààrẹ ti kú láti 1993.

Àwọn tí ń pa olùkọ́ lẹ́nu mọ́ a máa wí pé àlàáfíà ni àwọn ń wá. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá dákẹ́, ilé baba ọmọ kò ní dákẹ́. Olúkúlùkù yóò sọ ọ́ bí ó ti dùn ún tó.

Olùkọ́ ọjọ́sí di Ààrẹ ní 2000. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 2002, ìjà tí ó sì tẹ̀ lé ìdìbò 2010 pa ènìyàn tí ó ju 3,000 lọ. Ilé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague dá Gbagbo sílẹ̀ ní 2019, ó sì fi ìdí ìdájọ́ náà múlẹ̀ ní 2021. Àwọn olùwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì ti sọ pé ìhà méjèèjì, ti Gbagbo àti ti Alassane Ouattara, ni ó ta ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ sílẹ̀.

Lónìí, ọmọ àwọn ìhà méjèèjì lè jókòó sórí àga kan ṣoṣo ní Abidjan. Ẹ̀tọ́ tí a fi du olùkọ́ ní 1971 kò gbọdọ̀ wọ́n olùkọ́ òní, ìbáà ṣe ìjọba Gbagbo ni ó ń sọ, ìbáà ṣe ti ẹni tí ó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ olùkọ́ láti dájọ́; iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó ẹ̀rí gbogbo ìhà kalẹ̀ níwájú ọmọ, kí ó sì kọ́ ọ bí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Egbò tí a fi aṣọ bò kì í tètè jinná.